Ta ni Ó Ń Sọ fún Sẹ́ẹ̀lì Pé Kí Ó Dàgbà?

Nígbà tí a rán àwa ọmọ ọdún kejì lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké láti lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, kíláàsì kẹrin ni a fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ wọn ni ti bí a ti í tọ́jú ọgbẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ dáradára. Mo ya àwòrán awọ ara sí ojú pátákó, mo sì ṣàlàyé pé bí àdá bá ṣá ènìyàn lẹ́sẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà létí ọgbẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í pín, ọ̀kan a di méjì, méjì a di mẹ́rin, títí wọn ó fi dí ojú ọgbẹ́ náà. Ọmọkùnrin kan tí ó jókòó lẹ́yìn, tí àpá àdá wà ní ojúgun òun pàápàá, na ọwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́ sà, ta ni ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀? Nígbà tí ó bá sì dí tán, ta ni ó ń sọ fún wọn pé ó tó?"

Mo wo pátákó, pátákó kò sọ nǹkan kan. Mo wí fún un pé a ó sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la náà kò tí ì dé tí àkókò wa fi pé, tí a sì padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìtìjú ìbéèrè yìí ni ó mú mi wá ìwé kiri, ohun tí mo sì rí ni mo kọ síhìn-ín, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ni yóò dúró níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi sẹ́ẹ̀lì wé ìlú olódi ti ayé àtijọ́. Odi yí i ká. Ààfin wà láàrin rẹ̀, níbi tí a gbé pa ìwé òfin ìlú mọ́ sí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA. Sẹ́ẹ̀lì kò lè pín bí kò ṣe pé àṣẹ ti ààfin jáde wá, ààfin kò sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi bí kò ṣe pé ẹnì kan wá jíṣẹ́. Ẹni tí ó ti òde wá kì í wọ inú ìlú. Ibodè ni ó ń dúró sí. Oníbodè ni yóò gba àrokò lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì rán ẹlòmíràn wọlé. Èyí kò ṣòro fún wa láti mọ̀, nítorí àwọn baba wa a máa fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, láìfi ọ̀rọ̀ kan kún un, ẹni náà a sì mọ ohun tí a wí.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ tọ ipa irú àrokò bẹ́ẹ̀ nínú ara ni obìnrin ará Ítálì kan, Rita Levi-Montalcini, tí a bí ní ìlú Turin ní 1909. Ní 1938 ìjọba Mussolini ṣe òfin tí ó lé àwọn Júù kúrò nínú iṣẹ́ yunifásítì, òfin náà sì kan òun pẹ̀lú. Kò káwọ́ gbera. Ó sọ yàrá ìbùsùn rẹ̀ di yàrá ìwádìí, ó pọ́n abẹ́rẹ́ ìránṣọ títí ó fi mú bí ọ̀bẹ, ó sì ń fi í tú ọmọ adìyẹ tí ó wà nínú ẹyin wò, kí ó lè rí bí iṣan ìmọ̀lára ti í hù. (Mo máa ń rántí obìnrin yìí nígbà tí a bá ń ráhùn pé kò sí irinṣẹ́ fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì.) Lẹ́yìn ogun, ní 1947, ó kọjá sí St. Louis ní Amẹ́ríkà, sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Viktor Hamburger. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé bí a bá lẹ kókó kan láti ara èkúté mọ́ ọmọ adìyẹ inú ẹyin, iṣan ọmọ adìyẹ náà a hù bí ìtàkùn ìgbà òjò. Kókó náà kò tilẹ̀ ní láti fara kan iṣan; ohun kan ni ó ń sun jáde láti inú rẹ̀.

Ní 1953 onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Stanley Cohen, wá bá a láti mọ ohun tí ohun náà jẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n fẹ́ run ohun kan tí ó dàpọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì kán oró ejò díẹ̀ sí i, nítorí oró ejò lágbára láti run irú ohun bẹ́ẹ̀. Dípò kí agbára ìdàgbà náà dínkù, ńṣe ni ó pọ̀ sí i gidigidi. Wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé inú oró ejò gan-an ni èròjà náà gbé pọ̀ sí jù. Cohen wá rò ó pé, bí ó bá jẹ́ pé ibi tí oró ti ń sun lẹ́nu ejò àti ibi tí itọ́ ti ń sun lẹ́nu ẹran mìíràn jẹ́ ìbátan, kí ni ṣe tí a kò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ èkúté? Ó wò ó, ó sì bá a níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Èròjà yìí ni a ń pè ní NGF, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe èròjà tí ń mú iṣan dàgbà.

Nígbà tí Cohen ń gún àwọn ọmọ èkúté ní abẹ́rẹ́ omi tí ó fún láti inú ẹran itọ́ náà ni ó ṣàkíyèsí ohun tí kò jẹ mọ́ iṣan rárá. Ọmọ èkúté kì í la ojú títí di nǹkan bí ọjọ́ 12 sí 14 lẹ́yìn ìbí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí la ojú ní nǹkan bí ọjọ́ 7, eyín wọn pẹ̀lú sì tètè hù. Ẹlòmíràn ìbá rẹ́rìn-ín kí ó sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Cohen mọ̀ pé àrokò mìíràn wà nínú omi náà, tí a kò rán sí iṣan bí kò ṣe sí awọ ara. Ó kó lọ sí Yunifásítì Vanderbilt ní Nashville ní 1959, nígbà tí ó sì di 1962 ó kéde pé òun ti yọ ọ́ sọ́tọ̀. Orúkọ tí a wá mọ̀ ọ́n sí ni EGF, èròjà tí ń mú ojú awọ dàgbà. Ó kéré jọjọ; bí a bá fi pùròtéènì wé ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sójú okùn, ẹyọ 53 péré ni ó wà lójú okùn tirẹ̀. Òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ìdajì àkọ́kọ́ nínú ìdáhùn ọmọ kíláàsì mi: bí àdá bá ṣáni, wọn a tú jáde lójú ọgbẹ́, wọn a sì lọ kan ilẹ̀kùn àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nítòsí. Ní 1986 ni a fún Cohen àti Levi-Montalcini ní ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ti mọ̀ pé àrokò kan pàtó ni ó ń ṣe iṣẹ́ kan, kì í ṣe òmíràn tí ó wà nítòsí rẹ̀? Níhìn-ín ni áńtíbọ́dì gbé wọ inú ọ̀rọ̀ wa. Bí àjèjì bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara a rọ pùròtéènì kan tí ó bá àjèjì náà mu bí kọ́kọ́rọ́ ti í bá àgádágodo mu. Ó rí bí igi àpẹ̀ka méjì tí àwọn ọmọdé fi í ṣe kànnàkànnà. Orí ẹ̀ka méjèèjì ni ó fi í di àjèjì náà mú. Àwọn onímọ̀ yá ọgbọ́n yìí lò. Wọ́n gún ehoro ní NGF ti èkúté, ẹ̀jẹ̀ ehoro kà á sí àjèjì, ó sì rọ áńtíbọ́dì tí ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba díẹ̀ nínú omi ẹ̀jẹ̀ ehoro náà, wọ́n sì fi gún àwọn ọmọ èkúté tuntun, tí áńtíbọ́dì fi di NGF inú ara wọn lọ́wọ́ mú. Ohun tí wọ́n rí ní 1960 ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu: odidi ẹ̀yà iṣan kan, èyí tí ń darí ọkàn àti ìfun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa, fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá nínú ara àwọn èkúté náà. Pé a bá ẹnì kan níbi tí iṣẹ́ ti ń lọ kò tó láti fi hàn pé òun ni ó ń ṣe é. A mú NGF kúrò, iṣẹ́ sì dúró, ẹ̀rí nìyẹn.

Àbùkù kan wà nínú ti ehoro. Ehoro kan kì í rọ ẹyọ áńtíbọ́dì kan, oríṣiríṣi ni ó ń dà pọ̀, ti ehoro kejì kò sì ní bá ti èkíní dọ́gba. Bí ehoro bá sì kú, ó parí. Ní 1975 Georges Köhler àti César Milstein, ní Cambridge, mú sẹ́ẹ̀lì èkúté tí ó ń rọ áńtíbọ́dì, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í ṣíwọ́ pípín. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí jogún iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀kan àti ẹ̀mí gígùn ìkejì. Láti ìgbà náà ni a ti lè máa rọ áńtíbọ́dì kan náà, bákan náà, fún ọdún àìlóǹkà. Ẹ̀bùn Nobel tiwọn dé ní 1984.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ibodè wàyí. Oníbodè tí ó ń gba EGF na ara rẹ̀ já odi: orí rẹ̀ wà lóde, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìlú. Bí àrokò bá ti kan orí rẹ̀, a fà mọ́ oníbodè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì a sì lu ẹsẹ̀ ara wọn ní òǹtẹ̀. Fọ́sífeètì ni òǹtẹ̀ náà, ohun kékeré kan tí a lẹ̀ mọ́ ara pùròtéènì, tí ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá rí i pé iṣẹ́ ti dé. Ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi méjì nìkan ni àwọn onímọ̀ sábà ń rí òǹtẹ̀ yìí lára wọn tẹ́lẹ̀. Ní 1979 Tony Hunter, ní Ilé-ìwádìí Salk ní Kalifọ́níà, ń fi omi oníkíkan kan ya àwọn òǹtẹ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Omi náà ti pẹ́ nílẹ̀, kò sì po òmíràn. Bí ó ti pẹ́ tó, kíkan rẹ̀ ti yí díẹ̀. Nítorí ìyípadà kékeré yìí ni òǹtẹ̀ kan tí ó máa ń fara pa mọ́ sẹ́yìn òmíràn fi yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀, èyí tí a lù mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí a ń pè ní táírósíìnì. Òun tìkára rẹ̀ kò fi pa mọ́ pé ọ̀lẹ ni ó ran òun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. (Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mú èyí lọ sọ fún olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa.) Ní 1980 Cohen àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé òǹtẹ̀ yìí gan-an ni oníbodè EGF ń lù. Ní 1981 Ross, Baltimore àti Eisen kéde áńtíbọ́dì tí ó ń di òǹtẹ̀ náà mú.

Ẹ dákun, ẹ fi ara balẹ̀ wo bí èyí ti tóbi tó. Ṣáájú ìgbà náà, a lè mọ̀ pé ìránṣẹ́ kan wà nínú ìlú. Nísinsin yìí a lè mọ̀ bóyá a ti rán an níṣẹ́ tàbí ó ṣì jókòó lásán.

Láti ibodè dé ààfin, ọwọ́ dé ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ń lọ, bí orúkọ àwọn ìránṣẹ́ náà kò tilẹ̀ dùn létí. Grb2 rí òǹtẹ̀ lẹ́sẹ̀ oníbodè, ó dì í mú, ó sì fa Sos lọ́wọ́ wá. Sos jí Ras tí ó sùn sí ẹ̀gbẹ́ odi. Ras pe Raf, Raf lu MEK ní òǹtẹ̀, MEK lu ERK ní òǹtẹ̀ méjì, ERK sì wọ inú ààfin lọ láti ṣí ìwé òfin sí ojú ewé tí ó sọ nípa pípín. Láti rí èyí, onímọ̀ a fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì, a fi iná mànàmáná fa àwọn pùròtéènì wọn gba inú ohun kan tí ó rí bí ẹ̀kọ tútù kọjá, tí àwọn kékeré fi ń sáré ṣíwájú àwọn ńlá, a tẹ̀ wọ́n mọ́ ara ohun kan bí bébà, a sì da áńtíbọ́dì lé e lórí. Níbi tí áńtíbọ́dì bá ti rí ẹni tí ó mọ̀, ìlà dúdú kan a hàn. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní Western, èyí tí í ṣe ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe nítorí pé ó ti ìwọ̀-oòrùn wá, ṣùgbọ́n nítorí pé ọkùnrin tí ó ṣe irú rẹ̀ fún DNA ní 1975 ń jẹ́ Southern, àwọn tí ó tẹ̀lé e sì fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Bí a bá fi ebi àrokò pa àwọn sẹ́ẹ̀lì, tí a sì lo áńtíbọ́dì tí ó mọ kìkì ERK olóǹtẹ̀ méjì, ìlà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Bí a bá kán EGF lé wọn lórí, láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ìlà dúdú a yọ, lẹ́yìn náà a sì tún máa ṣá.

Bí kò bá ṣá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Bí Ras bá ní àbùkù kan pàtó, kì í sùn mọ́. A máa pe Raf láìsí ẹni tí ó rán an. Ní 2002 a rí i pé Raf kan tí a ń pè ní BRAF ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ dúdú ti awọ ara. Nígbà mìíràn oníbodè ni ó ń pọ̀ jù. Ọ̀kan wà tí ń jẹ́ HER2, àbúrò oníbodè EGF, tí a kò mọ àrokò kankan tí ó jẹ́ tirẹ̀; ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó máa ń dúró sí. Ní 1987 Dennis Slamon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé nínú nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àwọn jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹ̀dà ìwé tí ń dá HER2 ti pọ̀ rékọjá méjì tí ó yẹ kí ó jẹ́, àti pé àìsàn àwọn obìnrin wọ̀nyí a máa tètè padà, wọn a sì tètè kú. (Iye tí a ń kà lónìí kéré sí èyí, nǹkan bí 15 sí 20 nínú 100.) Áńtíbọ́dì èkúté kan tí a rọ láti mọ HER2 di ohun tí a tún ṣe ní 1992, tí ó fi jọ ti ènìyàn, kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn má ba kà á sí àjèjì. Ní 1998 ìjọba Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí oògùn, trastuzumab ni orúkọ rẹ̀. Ní 2005 a kéde àbájáde ìdánwò ńlá pé bí a bá fi kún ìtọ́jú àwọn tí a ti yọ kókó náà fún, iye àwọn tí àìsàn náà padà sí lára dínkù tó nǹkan bí ìdajì. Ó lè ba ọkàn jẹ́ o, nítorí náà a máa ń ṣọ́ ọkàn ẹni tí ó bá ń gbà á.

Ṣùgbọ́n kí a tó fún obìnrin kan ní oògùn yìí, a ní láti mọ̀ bóyá HER2 pọ̀ lára kókó tirẹ̀. Áńtíbọ́dì mìíràn ni a sì fi ń mọ̀ ọ́n: a gé kókó náà pẹlẹbẹ, a kùn ún ní áńtíbọ́dì, a wo bí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú tó, láti òdo dé 3. Áńtíbọ́dì ni ẹlẹ́rìí tí a pè síwájú ilé-ẹjọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá purọ́, a ó fún ẹni tí kò yẹ ní oògùn líle, tàbí kí a fi du ẹni tí ìbá gbà là.

Irọ́ sì wà nínú wọn. Oníbodè mìíràn kan wà tí ń gba àrokò tí ó ń mú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Àwọn kan fi áńtíbọ́dì wò ó, wọ́n ní àwọn rí i lára onírúurú jẹjẹrẹ, ìbẹ̀rù sì dé nítorí pé àrokò yìí kan náà ni a ń fún àwọn aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ní 2006 a fi hàn pé nínú àwọn áńtíbọ́dì tí wọ́n lò, ọ̀kan wà tí ó jẹ́ pé pùròtéènì mìíràn pátápátá ni ó ń tọ́ka sí. Ìwé tí a kọ jọ lórí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ní 2015 àwọn onímọ̀ tí ó ju 100 lọ fọwọ́ sí ìwé kan tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yí ọ̀nà tí a gbà ń rọ áńtíbọ́dì ìwádìí àti bí a ti ń júwe wọn padà. Ọ̀nà kan tí èmi rò pé ó dára jù láti dán ẹlẹ́rìí wò ni kí a mú sẹ́ẹ̀lì tí a ti yọ ìwé pùròtéènì náà kúrò nínú DNA rẹ̀, kí a sì bi áńtíbọ́dì pé, "Ṣé o rí i?" Bí ó bá ní òun rí i, kí a lé e jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Ní 2009 Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, ọmọ Nàìjíríà tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gà tí iye wọn ju 500 lọ. Áńtíbọ́dì ni wọ́n fi wò wọ́n. Lára ọ̀pọ̀ kókó náà wọn kò rí HER2, wọn kò sì rí àwọn agbàṣẹ tí oògùn mìíràn ń bá jà. Èyí túmọ̀ sí pé oògùn tí mo ròyìn rẹ̀ lókè kò lè ran púpọ̀ nínú àwọn ìyá náà lọ́wọ́, òmíràn ni a ní láti wá fún wọn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìdajì kejì ìbéèrè ọmọ náà: ta ni ó ń sọ pé ó tó? Kì í ṣe ẹnì kan. Sẹ́ẹ̀lì a gbé oníbodè náà mì tàrokò-tàrokò, a sì run púpọ̀ nínú wọn. Àwọn pùròtéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa pa òǹtẹ̀ rẹ́. Ras a padà sùn. ERK tìkára rẹ̀, bí ó ti ń ṣiṣẹ́ lọ, a padà lọ lu Sos ní òǹtẹ̀ kí ó lè jọ̀wọ́ ibi tí ó dì mú. Nígbà tí etí ọgbẹ́ méjèèjì bá sì pàdé, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì fara kan ara wọn yíká, ìfarakanra náà pẹ̀lú ń dá wọn dúró. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ka irú èyí sí. A máa gun orí ọmọnìkejì rẹ̀ ni.

Kíláàsì kẹrin yẹn ti di kíláàsì karùn-ún báyìí. Mo ti kọ lẹ́tà sí olùkọ́ wọn pé kí ó bá mi bi ọmọ tí ó ní àpá lójúgun náà bóyá ó ṣì ń dúró de ọ̀la tí mo ṣèlérí.